Wọ́n fi ojú ọmọ mi ṣe sítíkà: ṣé kí n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ni?

Ìyá kan láti ilẹ̀ Yàgbà, lára ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí ará àdúgbò mọ ilé tó ti wá. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 13, ó wà ní JSS 2. Èkó la bí i sí, ọdún tó kọjá la kó padà wálé lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Kò ní fóònù tirẹ̀, tèmi ló ń lò láti fi wo iṣẹ́ àṣetiléwá nínú gúrúùpù WhatsApp kíláàsì wọn. Lọ́jọ́ kan mò ń bá oníbàárà ná owó kajú lọ́wọ́, fóònù ń dún ṣáá. Mo ṣí i. Ojú ọmọ mi ni mo rí, ẹnu rẹ̀ là gbàgà níbi tó ti ń jẹun, wọ́n kọ 'Ará Èkó tí kò gbédè' sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún ń sín ohùn rẹ̀ jẹ, bó ṣe máa ń gbìyànjú láti sọ Yàgbà. Àwọn ọmọ bí ogún ló fi ẹ̀rín sí i. Nígbà tí mo bi í, ó ní ó ti tó oṣù méjì. Mo gba fóònù, mo ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀. Ìjọ kan náà lèmi àti ìyá ọmọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ fi ọlọ́pàá gbé e. Pásítọ̀ ní kí n gbàdúrà, kí n sì dárí jì wọ́n. Ó ti ń ṣe mí bíi kí n yọ SIM yẹn kí n fọ́ ọ. Kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, òkun o. Ẹ kú àráfẹ́rakù bàbá ọmọ. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú bírò. Ọ̀rọ̀ fóònù wà nínú rẹ̀, ti ìyá ọmọ kejì wà níbẹ̀, ti ọlọ́pàá àti ti àdúrà náà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tí ẹ sọ kọjá bí ẹni pé kì í ṣe ìbéèrè, òun ló sì ká mi lára jù: "Láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀." Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí bí ìyẹn kò bá tíì tún ṣe, agbọ̀n la ó kàn máa fi pọnmi.

Ọdún 21 ni mo fi jókòó sí yàrá olùdámọ̀ràn ní ilé ẹ̀kọ́ girama mẹ́ta káàkiri ilẹ̀ Òkun kí n tó fẹ̀yìn tì sí Kàbbà. Láti ìgbà tí fóònù ti dé ọwọ́ àwọn ọmọ, ìbéèrè kan wà tí n kì í gbàgbé láti bi ọmọ tí wọ́n bá ń fìtínà: kí ló dé tí o kò sọ fún ìyá rẹ? Ìdáhùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra. "Wọ́n á gba fóònù, mà." Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ òkèèrè náà ń gbọ́ ohun kan náà lẹ́nu àwọn ọmọ tiwọn. Ẹ wò ó láti ibi tí ọmọ yín dúró sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ ẹ́ fún oṣù méjì, ó fara dà á, ó ń fi pamọ́. Lọ́jọ́ tí àṣírí tú, òun náà ni wọ́n tún fìyà jẹ. Fóònù yẹn ni iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wà, inú rẹ̀ náà sì ni ìwọ̀nba ọ̀rẹ́ tó kù fún un ní Èkó wà. Ẹ̀yin mọ̀ pé ààbò lẹ fẹ́ fi bò ó. Òun kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni pé òun jẹ̀bi. N kò sọ èyí láti dá yín lẹ́bi. Ìyá wo ni yóò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ kò ní gbóná? Èmi tí mò ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn lójúmọ́, mo ti gba fóònù ọmọ mi rí, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ọmọ náà sì ń yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò. Oṣù kan gbáko ni n kò fi mọ ohunkóhun.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn, ẹ lọ jókòó tì í. Ẹ má pè é wá síwájú yín bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ níbi tí ẹ ti jọ ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, bóyá ẹ̀yin ń já ewébẹ̀, òun ń mú òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ máa ń rọ ọmọ ọdún 13 lẹ́nu nígbà tí ojú rẹ̀ kò bá ko tiyín. Ẹ sọ fún un pé inú ló bí yín, pé kì í ṣe òun lẹ bínú sí, pé fóònù tí ẹ gbà kì í ṣe ìjìyà, ẹ sì ṣì í ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ pé ẹ ṣì í ṣe. Mo mọ̀ pé àgbà ilẹ̀ wa kì í fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ tọrọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì ṣèlérí pé ẹ kò ní gbé ẹsẹ̀ kankan tí òun kò mọ̀ sí. Bí kò bá sọ nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Yóò sọ. Ó lè jẹ́ ọjọ́ kẹta, nígbà tí ẹ bá ń pa iná.

Ẹ̀gbọ́n kan yóò ti máa sọ fún yín pé eré ọmọdé ni, pé gbogbo wa ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé tí a kò sì kú. Òótọ́ ni wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ Owé ti Kàbbà lèmi; nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ níbòmíràn, bí mo bá ti lanu báyìí, ẹ̀rín ti sọ. Ṣùgbọ́n tí aago bá ti lù, mo ti ń lọ sílé àǹtí mi nìyẹn, ọ̀rọ̀ bù ṣe. Kò sí ẹni tó lè tẹ̀lé mi wọ yàrá. Ti ọmọ yín kò rí bẹ́ẹ̀. Dan Olweus, onímọ̀ ìrònú ọmọ ènìyàn, ọmọ Sweden tó ṣiṣẹ́ ní Nọ́wè, tó kọ́kọ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ ìfìtínà láàárín àwọn ọmọ iléèwé, sọ ohun mẹ́ta tí a fi ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára eré: ẹni tó ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ó ń ṣe é léraléra, ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí kò sì lágbára láti dá a dúró. Fóònù wá yí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Ọmọkùnrin yẹn lè ṣe sítíkà yẹn, àwòrán kékeré tí a ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, lẹ́ẹ̀kan péré, kó sùn, kó gbàgbé. Àwọn ogún ọmọ tó kù ló ń bá a ṣe é léraléra. Ní ti agbára, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò ní bàbá, tí kò gbọ́ èdè ìlú dáadáa, ta ni yóò bá jà?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé sítíkà fún yín, torí ọ̀pọ̀ òbí rò pé bí ẹni tó fi í ránṣẹ́ bá ti pa á rẹ́, ó tán. Bí ẹnì kan bá fi sítíkà sínú gúrúùpù, ẹnikẹ́ni tó bá wù lè tẹ̀ ẹ́ kó fi í pamọ́ sínú tirẹ̀, láti ibẹ̀ ló sì ti lè máa lò ó nínú gúrúùpù mìíràn tí ẹ̀yin àti ọmọ yín kò sí. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní nǹkan bí ọjọ́ méjì láti pa á rẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ádímìn gúrúùpù náà lè pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wọ inú fóònù onífóònù, ẹ̀rọ kankan kò lè lọ kó o jáde. Ọmọ tó fi í pamọ́ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Mo sọ èyí kí ẹ má baà retí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì rí ìdí tí mo fi ń sọ pé ọ̀dọ̀ ènìyàn ni ìṣòro yìí wà. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú fóònù lẹ ti rí i, orí bẹ́ńṣì kíláàsì ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó pa nǹkan rẹ́, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀rí. Ẹ ya ojú fóònù náà ní àwòrán, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní screenshot, ní ọ̀nà tí nọ́ńbà tàbí orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ yóò fi hàn pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹ fi àwọn àwòrán náà ránṣẹ́ sí fóònù ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, torí fóònù lè bọ́ sínú omi. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú: ọjọ́ báyìí, ẹni báyìí, ohun báyìí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fèsì nínú gúrúùpù yẹn, ẹ̀yin náà kò sì gbọdọ̀ fèsì. Mo rí ìyá kan rí tó fi fóìsì ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣépè sínú gúrúùpù kíláàsì ọmọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóìsì yẹn ti di ohun tí wọ́n ń fi ijó sí.

Èmi náà ti ṣe èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó tẹ̀lé ìmọ̀ràn mi nípa ilé ìwé. Ní ọdún kan, ní ilé ìwé kan tí n kò ní dárúkọ, ọmọkùnrin kan gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi, ó ń gbọ̀n. Wọ́n ti ń pè é ní orúkọ kan lórí Facebook nítorí ọ̀nà tó ń gbà rìn. Inú bí mi. Ní ọjọ́ kejì, mo dìde ní àsẹ́ńbílì, mo ka àwọn ọ̀rọ̀ náà sókè, mo ní ojú ń tì mí fún gbogbo ilé ìwé. N kò dárúkọ ọmọ náà, mo rò pé ọgbọ́n nìyẹn. Lójú kan náà ni gbogbo orí yí sí ibi tó dúró sí. Àwọn ọmọ kíláàsì kékeré tí kò tíì gbọ́ orúkọ yẹn rí gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ náà kò fi wá. Nígbà tó padà, kò yà sí yàrá mi mọ́ títí tó fi jáde ìwé. Bí olùkọ́ kan bá sọ fún yín pé òun yóò "bá gbogbo kíláàsì wí", ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe é.

Ohun tí ẹ ó béèrè nílé ìwé kò gbọdọ̀ jẹ́ "ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i". Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé pankẹ́rẹ́ jáde. Mo ti rí pankẹ́rẹ́ níṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó máa ń jẹ́ kí ọmọ tó ń fìtínà gbé e kúrò ní gúrúùpù tí olùkọ́ wà lọ sí èyí tí olùkọ́ kò sí, kó sì fi kún un torí egba tó jẹ. Ẹ lọ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìpàdé òbí, ẹ mú ẹ̀rí lọ́wọ́, ẹ bá olùkọ́ kíláàsì tàbí olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ẹ béèrè pé kí gúrúùpù iṣẹ́ àṣetiléwá di èyí tí ádímìn nìkan lè kọ nǹkan sí. Ètò rẹ̀ wà nínú WhatsApp, ìṣẹ́jú kan kò gbà. N kò tilẹ̀ mọ ohun tí ọmọ 40 ń wá nínú gúrúùpù iṣẹ́ àṣetiléwá ní aago mọ́kànlá alẹ́. Ẹ ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ tó lo sítíkà náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú fóònù wọn níṣojú olùkọ́. Kí wọ́n sì sọ ọjọ́ tí wọn yóò tún bá yín sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá láìgbọ́ nǹkan, ẹ tún padà lọ. Wọn yóò máa wò yín bí ìyá oníjàngbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò.

Mo sọ pé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nítorí àwọn ogún tó fi ẹ̀rín sí i. Ẹ̀yin ń ronú nípa ọmọkùnrin kan, èmi ń ronú nípa àwọn ogún. Ní Fínlándì, Christina Salmivalli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Turku gbé ètò kan kalẹ̀ fún àwọn ilé ìwé, wọ́n pè é ní KiVa. Ohun tó wà ní ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó ń fìtínà ẹlòmíràn ń wá ojú rere àwọn tó ń wò ó ni. Bí àwọn yẹn kò bá rẹ́rìn-ín mọ́, ọjà rẹ̀ kò tà. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Ta ló máa ń jó níbi tí kò sí onílù? Nínú àwọn ogún yẹn, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó tó méje tí inú wọn kò dùn sí i, tí wọ́n fi ẹ̀rín sí i torí pé ẹni tó wà lókè wọn fi sí i. Ẹ bi ọmọ yín pé ta ni kò bá wọn dá sí i, tàbí ta ló tilẹ̀ ṣe é dáadáa lọ́jọ́ kan. Yóò dárúkọ ẹnì kan. Ọmọ yẹn ni kí ẹ pè wá sílé ní Sátidé kó wá bá a jẹ iyán. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ sítíkà rárá. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá ń bá a rìn dé ilé ìwé, agbára sítíkà yẹn ti dínkù dé ìdajì. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní ti ọmọkùnrin náà, ẹ má tíì sọ ọ́ di ọmọ burúkú nínú ọkàn yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó síwájú mi nítorí irú ẹ̀sùn yìí, àwọn náà ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbòmíràn, tí wọ́n rí ẹni tó kéré sí wọn tí wọ́n lè tì í lé lórí. Àwọn mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ó kàn dùn mọ́ wọn ni; ojú fóònù kò fi omijé hàn wọ́n. N kò mọ èyí tí tiyín jẹ́. Ṣé kí ẹ lọ bá ìyá rẹ̀? Ẹ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ní ilẹ̀ wa, tí ẹ bá tú u wò, ẹ ó rí i pé ẹ jẹ́ ìbátan níbì kan. Ẹ wá ìyá àgbà kan tí ìdílé méjèèjì ń bẹ̀rù, kó mú yín lọ nírọ̀lẹ́. Ẹ fi àwòrán hàn án, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá tí wọ́n bá sọ fún pé "ọmọ rẹ kò lẹ́kọ̀ọ́" yóò gbèjà ọmọ rẹ̀, ẹ̀yin náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tí wọ́n fi sítíkà hàn, tí wọ́n ní "ẹ bá mi wo ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe", kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Bí ẹ bá mọ̀ pé obìnrin náà gbóná lára, tàbí pé bàbá ọmọ náà yóò lù ú bí ẹni lu bàrà, ẹ fi ti ilé yẹn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilé ìwé ṣe é. Mo ti rí ìpàdé báyìí tó parí ìjà, mo sì ti rí èyí tó dá ìjà ìdílé méjì sílẹ̀ tí àwọn ọmọ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ kí àwọn ìyá tó máa kí ara wọn.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kò gba àkókò. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2015, abala 24 rẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí. Ilé ẹjọ́ ECOWAS bá abala yẹn wí ní ọdún 2022 pé ó ń fún ènìyàn lẹ́nu pa, Nàìjíríà sì tún un ṣe ní 2024, ó wá dín kù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá kọ ọ̀rọ̀ sí ọmọ yín tó mú kó máa bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára, ọ̀rọ̀ òfin nìyẹn. Sítíkà ẹni tó ń jẹun, bó ti wù kó dunni tó, n kò rò pé ó dé ibẹ̀. Ẹni tí ẹ sì fẹ́ fi ọlọ́pàá gbé, ọmọdé ni lójú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, torí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ẹ kò tíì dé orí ìyẹn.

Ohun kan wà tí yóò yí èrò mi padà lójú ẹsẹ̀, kò ṣẹlẹ̀ sí yín, ṣùgbọ́n òbí mìíràn lè máa ka èyí. Bí àwòrán náà bá jẹ́ ti ìhòòhò ọmọ, yálà tòótọ́ tàbí èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tò pọ̀, gbogbo ohun tí mo sọ nípa kí ẹ yà á ní àwòrán kí ẹ fi ránṣẹ́ ti yí padà. Ẹ má dà á kọ, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kódà bí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí, torí pé níní in lọ́wọ́ àti pípín in ká jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin 2015 yẹn kan náà. Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ fún ọlọ́pàá. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Take It Down, àjọ kan tó ń dáàbò bo ọmọdé ní Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀ ní 2023 fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 18. Ó máa ń ya àmì àwòrán náà, bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ ìka, láìjẹ́ pé àwòrán fúnra rẹ̀ kúrò nínú fóònù, àwọn bíi Facebook, Instagram àti TikTok á sì máa fi àmì yẹn wá a láti yọ ọ́. Kò lè dé inú ọ̀rọ̀ WhatsApp, torí pé ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á nìkan ló lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ máa ṣọ́ ọmọ yín fún àwọn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó ń bọ̀. Orí fífọ́ tó máa ń dé ní àárọ̀ Mọ́ńdè nìkan, oúnjẹ tí kò wọlé, oorun ọ̀sán gbọọrọ, ọ̀nà tó ń gbà yẹra fún ibi tí àwọn ọmọ pọ̀ sí. Lára ìyẹn lè jẹ́ ọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì ti lọ́ mọ́ra wọn, n kò sì lè ti orí ìwé tú wọn. Bí ó bá sọ pé òun ìbá kú, tàbí pé ayé ti sú òun, ẹ má sọ pé "má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́". Ẹ bi í bóyá ó ti ń ronú láti pa ara rẹ̀ lára. Bíbéèrè kò fi sí i lọ́kàn. Ẹ kó oògùn kòkòrò tí ẹ fi ń fín igi kajú kúrò nílé, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ìwọ̀nba ni irú èmi mọ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, dókítà ló ni ín.

Mi ò bá pásítọ̀ yín jà. Ẹ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ má mú ọmọ náà lọ síwájú pẹpẹ kó lọ dì mọ́ ẹni tí sítíkà rẹ̀ ṣì ń yí kiri. Ìdáríjì tí àgbà fipá mú ọmọ ṣe, ohun tó ń kọ́ ọ ni pé kó dákẹ́, ó sì ti dákẹ́ fún oṣù méjì.

Ọ̀rọ̀ èdè náà kò yẹ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí ibi tí ó ti rọ̀ lára rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n gbá mú. Níbi tí mo gé kúrò nínú lẹ́tà yín, ẹ ní ìyá rẹ̀ àgbà wà nílé, ẹ kò sọ bóyá Yàgbà ni ó ń bá ọmọ náà sọ tàbí Yorùbá Èkó torí kó lè tètè yé e. Bí ó bá jẹ́ ti Èkó, ẹ ní kó yí i padà, kì í ṣe nítorí kí àwọn ọmọ yẹn lè fi í sílẹ̀. Ó ń fẹ́ sọ ọ́ ni, àbí kí ló dé tó ń gbìyànjú láti sọ ọ́? Ọmọ tó mọ̀ pé wọn yóò rẹ́rìn-ín, tó sì tún fi èdè bàbá rẹ̀ la ẹnu, èmi kò rí ojo níbẹ̀.

Ní ti fóònù, ẹ dá a padà fún un pẹ̀lú àdéhùn: nínú pálọ̀ ni yóò ti máa lò ó, aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò bá a lọ́wọ́ yín. Ẹ wọ inú ètò ìpamọ́ WhatsApp, kí ẹ ṣe é kó jẹ́ àwọn tí ẹ ní nọ́ńbà wọn nìkan ni yóò lè fà yín sínú gúrúùpù. Tí wọ́n bá dá gúrúùpù mìíràn sílẹ̀ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, kó jáde. Ádímìn nìkan ni WhatsApp yóò fi tó létí pé ó jáde. SIM yẹn, ẹ má fọ́ ọ. Òun ni àwọn oníkajú yín mọ̀.